Ajá Ló Ń Fà Mí, Ọmọ Mi Ló Ń Darí Ajá

Ajá kan wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìrù na ilẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Nígbà kan rí, kò sí ìró tó dùn mọ́ mi ju ìró ìrù yẹn lọ. Lónìí, bó bá ti nà án, ọkàn mi á já, n ó máa bi ara mi pé: ṣé inú ajá yìí ló dùn láti gbóhùn mi ni, àbí ẹnì kan jókòó síbì kan tó fi ìka tẹ nǹkan? Ẹ̀yin èèyàn mi, irú ìbéèrè wo nìyẹn kí èèyàn máa bi nípa ajá tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ti dákẹ́ tó. Ọmọ tí mo bí ló ṣe mí léṣe. Kò nà mí, kò bú mí, kò jí nǹkan mi. Ìfẹ́ ló pe ohun tó ṣe, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa dùn mí wọ egungun. Àwọn àgbà kò parọ́ tí wọ́n ní ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni a ní kó fẹ́ni lójú fi ata sẹ́nu.

Aránṣọ ni mí ní Ifangni yìí. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin tó ń ṣòwò ní Igolo lẹ́nu ibodè Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rán aṣọ ọdún àti ti ìgbéyàwó. Ọkọ mi kú nígbà tí Jẹ́rómù, àkọ́bí mi, ṣì wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, tí àbúrò rẹ̀ Jùlíẹ̀tì kò tíì lè fọ aṣọ ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ wọn. Ìgbà tí Jẹ́rómù wọ yunifásítì, tó tún rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun, gbogbo àdúgbò ló bá mi yọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn kan wọ ojú mi, irú àrùn tí kì í pọ́n ojú, tí kì í ro èèyàn, tó kàn ń jí ìmọ́lẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀ bí olè tó mọ ilé. Ìgbà tí mo fi máa débi tí dókítà wà, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Mo rí Bámirìn kí ojú mi tó kú tán, ọmọ ajá pupa rúsúrúsú kan, tí etí rẹ̀ kan dọ̀bálẹ̀ bí ewé tó rọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní iṣẹ́. Fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé ìyá yìí kò ríran mọ́. Bí a bá dé etí gọ́tà, á dúró. Bí alùpùpù bá ń bọ̀, á fi ara ti ẹsẹ̀ mi. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, a sì jọ ń rìn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Bámirìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni ìrìn fẹ́ ṣe fún aránṣọ tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́? Mo jókòó sílé bí àpótí. Àwọn oníbàárà mi á wá kí mi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé etí mi náà ti di. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan láti ọ̀nà Daagbé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ràímì, gbé àpò kan wá pé kí n bá òun rán etí rẹ̀. Agbọ̀n ló ń hun, agbọ̀n tòmátì àti agbọ̀n ẹyìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ojú mi ti fọ́.” Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ọwọ́ yín náà fọ́ ni?”

Inú bí mi! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi, nítorí pé láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, òun nìkan ni ẹni tó bi mí léèrè ohun tó ṣẹ́kù. Nígbà tó padà wá, ó gbé ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ tó ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó fi ìka mi sí i, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń gba orí ọ̀kan kọjá sábẹ́ èkejì. Kí òjò ọdún náà tó dá, mo ti ń hun agbọ̀n tí wọ́n ń rà. Ó wá di pé ní gbogbo ọjọ́ ọjà, èmi àti Bámirìn á rìn lọ sí àgbàlá Bàbá Ràímì, a ó jọ jókòó lábẹ́ àtíbàbà, a ó máa hun, a ó máa sọ̀rọ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, èmi ọmọ ìjọ Kátólíìkì yìí ni mo máa ń na kẹ́túlù omi sí i. Mo mọ ibi tó ń gbé e sí láìfi ọwọ́ wá a.

Ní àkókò yẹn ni Jẹ́rómù ti òkè òkun dé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Kọ̀tọnú. Ó wá bá mi, ó ní ọkàn òun kì í balẹ̀ tí òun bá rántí bí mo ṣe ń rìn láàárín ọkọ̀. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi. Ó ní wọ́n á ṣí orí ẹranko díẹ̀, wọ́n á ki wáyà tó tín-ín-rín bí irun bọ inú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ní kámẹ́rà kọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹni tó wà níbi tó jìnnà lè máa rí ọ̀nà tí ẹranko náà ń tọ̀ nínú fóònù rẹ̀. Bó bá tẹ fóònù, iná tíntín á ta nínú ọpọlọ ẹranko náà, á dà bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tàbí ọ̀tún, á sì yà síbẹ̀. Bó bá ti yà, wọ́n á ta iná síbòmíràn, níbi tí ayọ̀ ń gbé nínú orí, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé wọ́n fún un lẹ́ran jẹ. Mo bi í pé ṣé kì í dun ajá náà. Ó ní, “Rárá, Màmá. Ó máa ń gbádùn rẹ̀ ni.” Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Bí ewu bá wà nìkan la ó máa tẹ̀ ẹ́, Màmá. Bí ẹ ò bá sí nínú ewu, ajá yín ni ajá yín.”

Mo gbà. Wọ́n gbé Bámirìn lọ, wọ́n dá a padà pẹ̀lú àpá lórí àti ẹrù kékeré lẹ́yìn. Kí n má parọ́, ó ṣe mí lóore. Lọ́jọ́ kan ní Igolo, ọkọ̀ ẹlẹ́rù ńlá kan ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, ariwo àwọn alágbàrù kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Lójijì ni Bámirìn fà mí sápá òsì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà sì fẹ́ gèlè lórí mi. Fóònù mi dún lójú ẹsẹ̀: “Màmá, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má mira!” Àwọn oní-zẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbé èrò níbẹ̀ pariwo, wọ́n ní orí mi kò gbàbọ̀dè. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàròyé ọmọ níwájú mi, èmi á ní kí wọ́n wá wo ọmọ tèmi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Ràímì gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó ní, “Ìyá Jẹ́rómù, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé. Ẹ̀yin ò rí i pé mo ti gbó, èmi náà ò sì ní sọ fún yín.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú tí kò ríran. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọkàn obìnrin kì í fọ́jú, kì í sì í gbó. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni mo sọ ọ́. Jùlíẹ̀tì fò dìde. “Màmá, kí la fẹ́ wí fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì? Pé ìyá wa tó fọ́jú ń lọ sílé ọkọ, lọ́dọ̀ Ìmàle tó ń hun agbọ̀n?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí Bàbá Ràímì wá kí wọn lọ́sẹ̀ kejì, Jùlíẹ̀tì kò fún un ní àga jókòó. Ọkùnrin náà lọ, kò sì tún tẹ ilé mi mọ́. Jẹ́rómù ńkọ́? Jẹ́rómù kò pariwo rárá. Ó ní, “Dakọ́ọ̀, mo gbà, Màmá. Ohun tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọmọkùnrin tó lóye. Áà, èmi òmùgọ̀!

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo múra dáadáa, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀. Èsì ni mo ń gbé lọ fún un: bẹ́ẹ̀ ni. Oríta kan wà tí ọ̀nà Daagbé ti yà. Òórùn ẹsáńsì, ìyẹn epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ni mo fi ń mọ̀ pé a ti débẹ̀. A débẹ̀, Bámirìn dúró. Mo ní, “Ó yá, ká lọ.” Ara rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n láti ara okùn. Ló bá yí mi padà, ó kọjú sílé, ó ń sáré díẹ̀díẹ̀, ìrù rẹ̀ ń gbá mi lẹ́sẹ̀ fún ayọ̀. Mo fa okùn títí, kò gbọ́. Ajá tó ń sá fún ewu kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ro ìyẹn nígbà náà. Ìgbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi. “Jẹ́rómù, ṣé ìwọ lo yí ajá padà?” Ó ní, “Èmi kẹ̀? Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ajá máa ń rí ohun tí ojú èèyàn ò rí. Bóyá nǹkan kan wà lọ́nà yẹn tí kò dára fún yín.”

Ẹ gbọ́ ọmọ ìwé! Ọmọ tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá ní ẹyẹ kan ké lórí òrùlé, òun ló ń sọ fún mi pé ajá rí ohun àìrí. Ó mọ ibi tí ẹ̀rù mi ń gbé, ibẹ̀ ló sì tẹ̀. Mo tún gbìyànjú lọ́jọ́ ọjà kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ó ní ṣé kò sí zẹ́mì tó lè gbé mi ni? Zẹ́mì pọ̀ bí eṣú. Ẹ ó ní ṣé n kò lè tẹ̀ ẹ́ láago? Bàbá Ràímì kì í lo fóònù, ó ní ohun tí òun bá fẹ́ sọ fún èèyàn, ojú ẹni náà ni òun fẹ́ máa wò. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ti bà mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ló tilẹ̀ pa ìyàwó ọkùnrin yìí. Mo ń rántí ohùn rẹ̀, mo ń wá ibi tí ìkà sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ wo bí irọ́ kan ṣoṣo ṣe ń bímọ! N kò lọ mọ́. Mo ń hun agbọ̀n mi nílé, mo ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló yọ mí.

Ó wá di ọjọ́ kan tí rẹ́sò tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo Ifangni. Láti òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Igolo ń bínú, wọ́n ní wáyà kan ló já síbì kan. Èmi ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ̀ ní tèmi. Bí a ṣe dé oríta, Bámirìn kò yà sọ́nà ọlọ́lọ̀. Ọ̀nà Daagbé ló mú, ó ń fà mí tagbáratagbára, bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti fẹ́ lọ. Mo ní kó máa lọ, kí ohun tí ó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà. Oòrùn ni, àti eruku, àti àwọn ọmọdé tó ń kí mi. Ìgbà tó ṣe, mo gbóòórùn imọ̀ ọ̀pẹ tútù, Bámirìn já okùn gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì fò mọ́ ẹnì kan. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ràímì: “Bámirìn!” Ó wá ní, “Ìyá Jẹ́rómù.”

Kí n tó dáhùn, ohùn obìnrin kan kí mi láti ilẹ̀, ohùn àwọn ará Ohori: “Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá. Ẹ kú ìrìn.” Ó fi ife omi sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mu omi náà tán. Kí ni n bá ṣe?

Ó jẹ́ kí obìnrin náà wọlé kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo wá pàdé yín lọ́nà. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú oríta ni mo dúró sí. Mo rí i tí ẹ dé oríta, tí ẹ dúró, tí ẹ kẹ̀yìn sí mi, tí ẹ sì ń lọ. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé nǹkan sílé ni. Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo ní obìnrin ti fún mi lésì.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ṣebí mo létí!”

Ó ní, “Ṣé kí n máa pariwo lé obìnrin tó ti kẹ̀yìn sí mi lójú títì ni?”

Mo ní, “Ajá ló kọ̀. Èmi kọ́. Ajá ló kọ̀.” Mo gbọ́ tó ń fọwọ́ pa Bámirìn lára, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó ní, “Ìyá Jẹ́rómù, ajá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ lára mi fún ayọ̀ yìí ló kọ̀? Kí tilẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ ọ lẹ́yìn yìí?” Ọ̀rọ̀ rẹ́sò tó lọ láàárọ̀ wá sí mi lọ́kàn. N kò sọ fún un. Ojú tì mí láti sọ pé ọmọ mi ni. Mo ní kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí ìgbéyàwó tuntun rẹ̀, mo dìde, mo lọ.

Kí n má baà fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ mi, mo dúró de ìgbà tí rẹ́sò padà. Mo tún mú Bámirìn dé oríta. Ó dúró, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó yí mi padà, ó ń yọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò ẹsáńsì, mo sunkún níṣojú àwọn tó ń kọjá. Ìgbà tí mo bi Jùlíẹ̀tì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ sọ ọ́.” Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Jẹ́rómù wá láti Kọ̀tọnú. Ó kúnlẹ̀, mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní Bàbá Ràímì ti dàgbà, ta ni ì bá máa tọ́jú àwa méjèèjì? Ó ní òun kò fẹ́ kí ayé fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, “O máa ń jókòó síbi iṣẹ́, o ń wò mí bí mo ṣe ń fa okùn, tí mo ń bẹ ajá?” Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti fi ààlà sínú fóònù, pé bí ajá bá ti fẹ́ yà sọ́nà Daagbé ní oríta yẹn, kí ẹ̀rọ yí i padà fúnra rẹ̀. Òun kì í tilẹ̀ wò ó. Ẹ gbọ́! Wọ́n ti ọ̀nà mọ́ mi, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Jùlíẹ̀tì wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbé àwòrán èmi àti Bámirìn han àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìpàdé kan lókè òkun, bí ìyá tó fọ́jú ṣe ń rìn láìfarapa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Jẹ́rómù, o dè mí lókùn.” Ìgbà yẹn lòun náà gbóhùn sókè: “Mi ò dè yín, Màmá! Mi ò tì yín, mi ò fọwọ́ kàn yín. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi rìn padà sílé.” Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò tíì kúrò létí mi.

Mo bọ́ ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́yìn ajá, mo jù ú sí Jẹ́rómù lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà nínú orí ṣì wà níbẹ̀, ọkàn mi kò sì gbà pé wọ́n ti dẹ́kun títẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ Jẹ́rómù ní ó lè bàjẹ́ sí i lórí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n wá gbé e lọ láti yọ ọ́, bó bá yè, ó yè, bí kò bá sì yè, wọ́n á fún mi ní òmíràn tó dára jù ú lọ. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wọn ń bọ̀. Jẹ́rómù ti rán katikíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, sí mi láti bẹ̀bẹ̀. Katikíìsì ní ọmọ mi ni, kí n rántí ọjọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Mo rántí rẹ̀. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, mo máa ń fẹ́ dárí jì í. Bí mo bá tún rántí ife omi tí mo mu, inú mi á tún le bí òkúta. Bàbá Ràímì kò ṣẹ̀ mí, ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, n kò sì ní gba ọ̀nà ilé wọn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé kí n fi ajá yìí sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tún ṣí orí rẹ̀, àbí kí n jẹ́ kó kú sí mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú irin lórí? Ṣé kí n ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ mi, tí kò tíì sọ títí dòní pé ohun tí òun ṣe burú, àfi pé ó dun òun pé mo mọ̀? Ẹ bá mi dá sí i. Ní tiyín, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń gbé ẹ̀bùn bọ̀ wá fún, ẹ yọ̀, ẹ gbà á, ẹ súre. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bi í pé: “Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ gba ibi tí ìwọ ò fẹ́, kí ni nǹkan yìí máa ṣe?” Èmi kò bi í. Kìkì pé ṣé ó máa ń dun ajá ni mo bi í.